Ajẹ́lẹ̀ Tó Jẹun Ìlú

Ọdún 1982 ni. Mo wà ní fọ́ọ̀mù tú nígbà náà, ìhà Ọ̀ṣun ni a sì ń gbé, níbi tí Bàbá mi kọ́lé sí lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Rédíò rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, aṣọ tí Màmá fi òwú hun ló bò ó lórí, àwa ọmọ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, a ń jẹun lọ́wọ́ ni Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Tó bá ti gbé ọwọ́ sókè bẹ́ẹ̀, ẹni tí egungun wà lẹ́nu rẹ̀ kò gbọdọ̀ rún un mọ́. BBC ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn sójà Ajẹntínà ti gba àwọn erékùṣù kan lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti fi bàálù gbé gómìnà ibẹ̀ jáde.

Bàbá ní kí n lọ gbé átíláàsì mi wá. Ó fi ìka tọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù wálẹ̀, wálẹ̀, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òkun fẹ̀ sí, ó rí ẹ̀kán dúdú kékeré méjì, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì yí i po. Falkland. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan, nítorí kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn nínú wa: “Ta ni ajẹ́lẹ̀ wọn?”

Ajẹ́lẹ̀ ni Bàbá máa ń pe gbogbo òyìnbó tí ìjọba Ìlú Ọba bá rán lọ sí ilẹ̀ ibòmíràn, ìbáà ṣe D.O. tó ń ṣàkóso àgbègbè, ìbáà ṣe gómìnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà wa ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí òyìnbó tó dé: ẹni tí Ọ̀yọ́, àti Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀, bá fi sí ìlú tó wà lábẹ́ wọn, kí ó máa ṣọ́ ọ, kí ó sì máa kó ìṣákọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sílé. A mọ bí àwọn ará Èkìtì ṣe kórìíra ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó. Pípa tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ọ̀kan nínú wọn ló dá ogun Kírìjì sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ kì í dùn létí Yorùbá. Ṣùgbọ́n Bàbá mi ti ṣe akọ̀wé fún D.O. láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó sì ti rí oríṣi méjì nínú wọn. Ó ní ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ẹnu tó bá wá náà ló máa bá lọ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti jẹun ìlú pẹ́, ẹnu ìlú ni yóò máa fi bá àwọn tó rán an sọ̀rọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó rí ìdáhùn sí ìbéèrè Bàbá. Rex Hunt ni orúkọ ajẹ́lẹ̀ náà. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo ti ń bá a jiyàn nínú ọkàn mi, nítorí mi ò fẹ́ràn ìjọba amúnisìn, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láéláé, síbẹ̀ mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Ọdún 1926 ni wọ́n bí i ní Redcar, ìlú etí òkun kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wa bàálù ogun ní ọ̀dọ́, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, nígbà tó sì di 1951, ó wọ iṣẹ́ ìjọba amúnisìn. Uganda ni wọ́n rán an lọ. Kí ẹ fi ọkàn sí i dáadáa: ìgbà tí Bàbá mi ń tẹ ìwé fún D.O. tiwa níhìn-ín gan-an ni Hunt ń ṣe D.O. níbẹ̀, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, tó ń rìn láti abúlé dé abúlé. Ó wà níbẹ̀ títí di 1962 tí Uganda gba òmìnira. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó o mọ́ àwọn aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n gbé e lọ sí Kuching, wọ́n gbé e lọ sí Jesselton, méjèèjì ní Malaysia, ó dé Brunei, ó dé Ankara, ó dé Jakarta. Ó wà ní Saigon ní Vietnam láàárín 1974 sí 1975, ọdún tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Àríwá Vietnam. Láti ibẹ̀ ó di igbákejì aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Kuala Lumpur.

Tí ènìyàn bá to àwọn ìlú wọ̀nyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò rí i pé àárín ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń palẹ̀ mọ́ àti ibi tó ti palẹ̀ mọ́ tán ni ọkùnrin yìí ti lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀. Kò sí èyí tó tóbi nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Kì í ṣe òun ni wọ́n rán lọ sí Washington tàbí Paris. Nígbà tó di 1980 tí wọ́n ní kó lọ ṣe gómìnà ní Falkland, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ibi tí wọ́n sì rán an lọ jìnnà sí London tó 8,000 máìlì. Nǹkan bí 1,800 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Àgùntàn pọ̀ ju ènìyàn lọ níbẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po, afẹ́fẹ́ kì í sinmi, ilé-iṣẹ́ kan tí orí rẹ̀ wà ní London ló sì ni nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ náà.

Ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ náà ni pé London fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ erékùṣù yẹn. Ajẹntínà ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé àwọn ló ni ilẹ̀, Malvinas ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ọ̀gá ní London rò pé kí wọ́n fi ilẹ̀ náà lé Ajẹntínà lọ́wọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì wá yá a padà fún ọdún gbọọrọ, kí ìgbé ayé àwọn ènìyàn má baà yí padà lójijì. Ní ìparí ọdún 1980, mínísítà kan, Nicholas Ridley, gbéra lọ sí Stanley, olú-ìlú Falkland, láti lọ fi èyí lọ àwọn ará ìlú. Wọ́n pariwo lé e lórí. Nígbà tó padà dé London, àwọn aṣòfin náà tún gbá a mú, láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo.

Gómìnà ni kó yí àwọn ènìyàn náà lọ́kàn padà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Hunt ti wọ ilé àwọn darandaran, ó ti fi bàálù kékeré dé àwọn oko tó jìnnà, ó ti mu tíì ní kíṣìnì wọn. Ohun tó kọ ránṣẹ́ sí London ni ohun tó gbọ́: àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fẹ́ Ajẹntínà, wọn kò sì ní fẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè yí i. Àwọn kan lọ́hùn-ún wá ń wò ó bí ẹni tó ti di ara ìlú, wọ́n sì kà á sí àbùkù.

Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo rántí ohun tí Bàbá sọ fún mi nípa D.O. rẹ̀ kan. Wọ́n ní kó kọ̀wé láti sọ pé owó orí tuntun kò ni ará ìlú lára. D.O. náà gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé mẹ́ta, ó jókòó sórí àpótí níwájú àwọn ìyá tó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́, Bàbá ń túmọ̀ fún un. Ìyá kan ṣí ìdí aṣọ rẹ̀, ó tú kọ́bọ̀ tó kù níbẹ̀ sílẹ̀ fún un kó kà á. Ó kà á lóòótọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, ó ní kí Bàbá tẹ gbogbo rẹ̀, títí kan iye kọ́bọ̀ náà. Àwọn ọ̀gá dá ìwé náà padà pẹ̀lú yíǹkì pupa. Ó ní kí Bàbá tún un tẹ̀, kó má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbé D.O. náà kúrò. Bàbá máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni tó ń sọ ìtàn olóògbé tó fẹ́ràn.

Bí Hunt ṣe ń kọ̀wé ni London ń ṣe ohun tó mú kí Ajẹntínà rò pé onílé ti sùn. Òfin ọmọ-ìlú tí wọ́n ṣe ní 1981 gba ẹ̀tọ́ ọmọ Ìlú Ọba lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará erékùṣù náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn yóò fa HMS Endurance sẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tí ológun Gẹ̀ẹ́sì ní tó máa ń wà ní agbègbè náà. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọgbà tó wá ń kó igi ọgbà sọnù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ni ó rò pé aládùúgbò yóò kà á sí?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1982, wáyà kan wọlé láti London. Ó sọ fún gómìnà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ọkọ̀ ogun Ajẹntínà dé etí Stanley ní ìdájí ọ̀la, kó ṣètò bó ṣe yẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ogun ojú omi tó wà níbẹ̀ kò tó 80, wọ́n sì tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn tó fẹ́ máa lọ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti rọ́pò wọn ni. Àwọn tó ń bọ̀ lórí òkun pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ní Stanley, àpótí rédíò kan wà nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wáyà gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Inú rẹ̀ ni Hunt ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọ òtítọ́ fún wọn, pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ náà, kí oníkálukú fara balẹ̀, kó dúró sílé. Patrick Watts tó jẹ́ ọ̀gá rédíò kò pa ẹ̀rọ ní òru yẹn. Ó ń fi orin sí i, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ láago láti ilé wọn pé àwọn rí iná lójú omi, àwọn gbọ́ ìbọn láti ìhà ibi báyìí. Gómìnà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ láago. Asọ̀rọ̀mágbèsì gba èsì lóru ọjọ́ yẹn. Ìlú kékeré kan jókòó yí àpótí igi ká nínú òkùnkùn, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, títí àwọn sójà Ajẹntínà fi wọ ilé-iṣẹ́ rédíò pẹ̀lú ìbọn.

Ìbọn dún yí ilé gómìnà ká. Hunt wà lábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́, ó ń fi tẹlifóònù gbọ́ ìròyìn. Ọ̀gágun Ajẹntínà kan, Pedro Giachino, gba ọta nínú ọgbà ilé náà, ó sì kú. Kò sí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó kú lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ará ìlú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn ọkọ̀ ogun onírin ti ń bọ̀ lójú títì, gómìnà ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbé ìbọn sílẹ̀. Mo gbà pé ìgboyà ni ìyẹn náà. Ẹni tó bá ń wá orúkọ ìbá jẹ́ kí wọ́n kú sórí rẹ̀.

Ọ̀gágun àwọn Ajẹntínà na ọwọ́ sí i. Hunt kò bọ̀ ọ́. Ó sọ fún un pé wọ́n wọ ilẹ̀ náà láìtọ́, kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí wọ́n ní kó lọ palẹ̀ mọ́, ó wọ yàrá, ó wọ aṣọ oyè gómìnà, ó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́ ẹyẹ tó bá a mu. Mọ́tò gómìnà ní Falkland jẹ́ tákísì bí irú èyí tó ń ná London. Ó ní kí awakọ̀ òun ta àsíá sí i níwájú. Báyìí ló ṣe lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú láàárín àwọn sójà tó ṣẹ́gun rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ nípa fìlà yẹn. Ẹni tó bá mọ ohun tí adé wà fún kò ní rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ fún àwọn tó ń yọjú láti ojú fèrèsé pé wọn kò tíì jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni, ohun tó sì ní lọ́wọ́ láti fi sọ ọ́ kò ju aṣọ yẹn lọ. Wọ́n gbé e lọ sí Montevideo ní Uruguay, láti ibẹ̀ ó dé London.

Ogun náà gba ọjọ́ 74. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì 255 kú, ọmọ Ajẹntínà 649 kú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ kékeré tí ìjọba ológun fi tipátipá kó láti ilé ìyá wọn. Àwọn 323 nínú wọn kú sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, General Belgrano. Obìnrin mẹ́ta ará Stanley kú pẹ̀lú, ọta tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ yìn ló sì pa wọ́n nínú ilé. N kò lè kọ nípa ogun yìí kí n má kọ àwọn iye wọ̀nyí. Ìwé tí gómìnà kọ ṣáájú, tí wọn kò fi ojú tó dára wò, ìbá ti din púpọ̀ kù nínú wọn.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ni Ajẹntínà túúbá. Hunt padà dé Stanley lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n yí orúkọ ipò rẹ̀ padà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n gómìnà ni àwọn ará ìlú ṣì ń pè é. Ó dúró títí di 1985. Kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ oko ńláńlá tó yẹ kí wọ́n pín fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, àti ọ̀rọ̀ ẹja inú òkun wọn tí àwọn àlejò ń kó lọ lófẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tó lọ tán, ní 1986, ni wọ́n kéde ààlà òkun yẹn, owó ìwé àṣẹ ẹja pípa ló sì sọ erékùṣù náà di ọlọ́rọ̀.

Ibi tí mo ti máa ń bá a jiyàn nìyí. Gẹ̀ẹ́sì sọ fún gbogbo ayé ní 1982 pé àwọn ará erékùṣù ló ni ẹ̀tọ́ láti pinnu ìjọba tó wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí Gẹ̀ẹ́sì kan náà kó àwọn ará Chagos kúrò tán ní erékùṣù tiwọn láàárín Òkun Íńdíà. Wọ́n gé àwọn erékùṣù náà kúrò lára Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì ní 1965, wọ́n yá Diego Garcia fún Amẹ́ríkà láti fi ṣe ibùdó ogun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn náà, àwọ̀ dúdú bíi tiwa, ọmọ-ọmọ ẹrú, sínú ọkọ̀ ojú omi. Diego Garcia di ahoro ní 1971. Nígbà tó fi máa di 1973, kò sí ẹnì kan mọ́ ní gbogbo Chagos. Wọ́n tó 1,500 ó kéré tán.

Ta ni ajẹ́lẹ̀ wọn?

Bruce Greatbatch ni. Kí ó tó dé ibẹ̀, Nàìjíríà ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀, ní Àríwá, níbi tó ti jẹ́ akọ̀wé fún Olórí Ìjọba Àríwá. Kàdúná mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1969 ó di gómìnà Seychelles, ó sì tún ń bójú tó Chagos láti ibẹ̀. Ilé rẹ̀ wà ní Mahé, tó jìnnà sí Diego Garcia ju 1,000 máìlì lọ. Kò sí kíṣìnì kan níbẹ̀ tó ti máa ń mu tíì. Òun ló pàṣẹ ní 1971 pé kí wọ́n pa gbogbo ajá erékùṣù náà. Inú ilé tí wọ́n ti ń gbẹ ẹran àgbọn ni wọ́n tì wọ́n mọ́, wọ́n sì fi èéfín ẹ́ńjìnnì mọ́tò pa wọ́n. Àwọn ọmọdé gbọ́ igbe ajá wọn láti ìta. Lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn ènìyàn láti wọ ọkọ̀.

Mi ò mọ ohun tí Hunt ìbá ṣe ká ní Chagos ni wọ́n rán an lọ. Ó ti ṣe ajẹ́lẹ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú ní Uganda fún ọdún mọ́kànlá, mo sì fẹ́ gbà pé etí tó fi gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀ ló gbé lọ sí Stanley. Ṣùgbọ́n àwọn ará Falkland rí àwọn tó jọ wọ́n nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London tó bá wọn pariwo. Àwọn ará Chagos kò ní ẹnì kankan nínú ilé yẹn, kò sì sí ajẹ́lẹ̀ láàárín wọn tó jẹun wọn rí.

Hunt kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá 2012, ọjọ́ tí Ìlú Ọba fi ń ṣe ìrántí àwọn tó kú sójú ogun. Ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bi àwọn ará Falkland bóyá wọ́n fẹ́ wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀. 1,513 dìbò bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta dìbò rárá. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí Chagos ní oṣù karùn-ún 2025, wọn kò pe àwọn ará Chagos dìbò.

Átíláàsì yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ìwé rẹ̀ ti pọ́n, lẹ́ẹ̀dì tí Bàbá fi yí Falkland po ṣì hàn. Lóṣù tó kọjá mo ṣí ojú ewé Òkun Íńdíà, mo fi gíláàsì wá Diego Garcia títí ojú fi ń dùn mí, nítorí átíláàsì náà kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀kán lásán ni wọ́n fi síbẹ̀. Mo gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì, mo yí i po, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.